Ọwọ́ Tí A Fi Aṣọ Wé

Ẹnì kan wà tí ó máa ń bá wa jẹun tí a kò fojú rí rí. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo gbà pé ó wà ju bí mo ṣe gba ohunkóhun tí olùkọ́ mi sọ nílé ìwé lọ. Bí a bá jókòó yí abọ́ ká ní yàrá ìyá mi, nínú ilé tí bàbá mi háyà ní àdúgbò Ali Kazaure ní ìlú Jos, mo máa ń fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lórí ẹní. Kì í ṣe pé mo fẹ́ ṣe é lálejò o. Mi ò kàn fẹ́ kí Ṣàìtánì jókòó lé mi lẹ́sẹ̀ ni.

Ìyá bàbá mi ló jẹ́ kí n mọ̀ ọ́n. Kí Ìyá àgbà tó dé, oúnjẹ jẹ́ oúnjẹ lásán lójú mi. Ìyá mi á ní kí n ṣe Bìsìmílà, màá ṣe é, ó parí. Láàárín àwọn ọdún 1970 ni Ìyá àgbà wọ ọkọ̀ ojú irin láti Ìlọrin wá bá wa ní Jos, nígbà tí ìyá mi bí àbúrò mi ọkùnrin. Ó rò pé òun máa ṣe oṣù díẹ̀ kí òun padà sílé. Òtútù Jos kọ lù ú, ó bú òtútù náà tìyá tìyá, ó wọ súẹ́tà bàbá mi lé bùbá, ṣùgbọ́n kò lọ. Ìdí tí kò fi lọ ni pé ìyá mi ti bí ọmọ méjì lẹ́yìn mi tí Ọlọ́hun gbà. Èkíní kò tíì mọ ẹ̀rín rín. Èkejì ti ń rákò káàkiri àgbàlá, ó ti mọ orúkọ mi í pè díẹ̀díẹ̀. Ìyá àgbà wá ṣọ́ ẹ̀kẹta ni, nítorí ó dá a lójú pé ìdí abọ́ ni ikú ń gbà wọ ilé wa.

Báyìí ni òfin ṣe wọlé. Àgbà ni yóò kọ́kọ́ fọ ọwọ́ nínú àwo omi, àwa ọmọdé á tẹ̀ lé e. A kì í jẹun lórí ìdúró. A kì í fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí oúnjẹ gbígbóná. Kí onísùúrù dúró kí ó tutù. Iwájú ẹni ni a ti ń jẹ, a kì í sáré bọ́ sí àárín abọ́, nítorí àárín ni àlùbáríkà ń sọ̀ sí, ẹni tó bá sì gbẹ́ àárín ti lé e lọ. Ẹran ni à ń jẹ kẹ́yìn, àgbà ni yóò sì pín in. Bí ìrẹsì kan bá já bọ́ sórí ẹní, mú un, nù ún, jẹ ẹ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ o ti fi í sílẹ̀ fún ẹni tí ń dúró dè é. Bí a bá jẹun tán, a gbọ́dọ̀ da nǹkan bo ìkòkò, nítorí ìkòkò tó la ẹnu sílẹ̀, àlùjànnú á tutọ́ sí i.

Èyí tó ń dẹ́rù bà mí jù ni ti Bìsìmílà. Ìyá àgbà ní ẹni tó bá gbàgbé rẹ̀, Ṣàìtánì ti ki ọwọ́ bọ abọ́ náà pẹ̀lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí onítọ̀hún bá rántí láàárín oúnjẹ, tí ó sì ṣe é, Ṣàìtánì á pọ gbogbo ohun tó ti jẹ. Ó rò pé ìtùnú ni òun ń sọ fún mi. Èmi náà wá ń ronú pé ibo ni ó máa pọ̀ ọ́n sí. Lọ́jọ́ tí mo bá gbàgbé, n kì í lè sọ ọ́ síta mọ́, mo kàn máa ń wo ọbẹ̀ náà títí tí oúnjẹ á fi kọjá lọ́fun mi.

Òfin tó borí gbogbo òfin ni ti ọwọ́ òsì. Ọwọ́ òsì ni Ṣàìtánì fi ń jẹun, ọwọ́ òsì ló fi ń mu omi, ẹni tó bá sì fi í jẹun ti pè é wá sórí ẹní. Ìyá àgbà á ní, "A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, áḿbọ̀tórí ká fi bu oúnjẹ tí Ọlọ́hun ṣe." Òun fúnra rẹ̀, bí ó bá ti jókòó ti oúnjẹ báyìí, ọwọ́ òsì rẹ̀ á wọ abẹ́ ìró lọ, kò sì ní jáde títí a ó fi ṣan ọwọ́. Àpá iná kan wà lẹ́yìn ọwọ́ náà, ó fẹ̀, ó ń dán. Mo bi í lẹ́ẹ̀kan pé kí ló ṣe é. Ó ní ẹ̀kọ gbígbóná ló dà sí òun lára nígbà tí òun wà lọ́mọdé, kí n jẹ oúnjẹ mi.

Ilé ìdáná wa wà lẹ́yìn, páànù ni wọ́n fi kàn án. Mo wọ ibẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan láì kọ́kọ́ wúkọ́, mo bá ìyá mi níbi tó ti ń rẹ́ àlùbọ́sà. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ni ọ̀bẹ wà. Ó ń yára, àlùbọ́sà ń bọ́ wẹ́wẹ́ sínú àwo, ó tún ń kọrin lábẹ́lẹ̀. N kò rí i kí ó yára bẹ́ẹ̀ rí. Bí Ìyá àgbà ṣe wúkọ́ nínú àgbàlá, ọ̀bẹ bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún, orin dúró, ìyá mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé àlùbọ́sà lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń gé nǹkan tí ó lè bú gbàmù. Ó gbójú sókè, ó rí mi.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣọ́ ọ. Nídìí abọ́, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ máa ń ṣe bí ọwọ́ tí a yá. Òkèlè rẹ̀ kì í rí róbótó. Ọbẹ̀ máa ń kán sí i lọ́rùn ọwọ́, kì í sì í yó, á ní ó tó òun. Ẹ̀yìn ìgbà tí Ìyá àgbà bá ti lọ na ẹ̀yìn ni yóò lọ jẹ ìyókù nílé ìdáná, mo sì mọ ọwọ́ tó fi ń jẹ ẹ́.

Ẹ̀rù bà mí dé ibi tí n kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí ọ̀rọ̀ Ìyá àgbà bá jẹ́ òótọ́, a jẹ́ pé Ṣàìtánì kì í ṣe àlejò tí ń wá yọjú ní ilé wa. Ó ń bá ìyá mi jẹun lójoojúmọ́, àwọn méjèèjì nìkan, nínú ilé ìdáná. A jẹ́ pé òun ló mọ ibi tí àwọn àbúrò mi lọ. Mo fẹ́ràn ìyá mi, mo sì ń bẹ̀rù rẹ̀. Bí ó bá ti gbé àwo rẹ̀ lọ sẹ́yìn, mo máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, màá máa ṣe Bìsìmílà lábẹ́nu léraléra, kí ó lè tó èmi àti òun.

Àbúrò mi ti wá ń jókòó fúnra rẹ̀ nígbà yẹn. Ó sanra, ó ní ẹ̀rín, ó fẹ́ràn oúnjẹ. Obìnrin Hausa kan ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa, ó ń ta kúnú àti àkàrà láàárọ̀, ó sì máa ń fún ọmọ náà ní àkàrà. Lọ́jọ́ kan, ó na àkàrà sí i níwájú Ìyá àgbà. Ọmọ náà na ọwọ́ òsì, ó gbà á, ó fi í sẹ́nu. Obìnrin náà pàtẹ́wọ́, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Kai! Wannan yaro bahago ne, kamar uwarsa!"

Ohun tó wí ni pé ọlọ́wọ́ òsì ni ọmọ yìí, bí ìyá rẹ̀. Kò ní ìkà nínú. Ó ti máa ń rí ìyá mi nídìí iná lẹ́yìn ilé, ọ̀rọ̀ ẹ̀rín lásán ni lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá mi tí ń ṣa aṣọ lórí okùn dúró gbagidi. Ìyá àgbà kì í sọ Hausa, èmi ni ògbufọ̀ rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti dé. Ó kọjú sí mi.

"Kí ló wí?"

Mo ní, "Ó ní... ó ní ọmọ náà ti dàgbà. Ó ní ó lẹ́wà bí ìyá rẹ̀."

Ìyá àgbà wo ẹnu mi fún ìgbà díẹ̀. "Ẹ̀yin ọmọ Jos," ó ní, "ẹ̀yin lẹ gbọ́ èdè."

Mo rò pé mo ti gba ìyá mi là. Inú mi dùn. Ṣùgbọ́n ojú Ìyá àgbà ti padà sára ọwọ́ ọmọ náà, kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́. Ó gba àkàrà lọ́wọ́ òsì, ó fi í sí ọ̀tún. Ọmọ náà wò ó, ó gbé e padà sí òsì. Ó tún gbà á. Ọmọ náà tún gbé e padà, ó ń rẹ́rìn-ín, ó rò pé eré ni.

"Ìyàwó," Ìyá àgbà pe ìyá mi. "Ta ló ní irú ọwọ́ yìí nílé yín?"

"Kò sí o, Ìyá," ni ìyá mi wí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Ìyá àgbà fa gèlè funfun kan ya. Ó ká ọwọ́ òsì àbúrò mi ní ẹ̀ṣẹ́, ó fi aṣọ náà wé e, ó so ó ní kókó lọ́rùn ọwọ́. Bí oúnjẹ bá ti dé, wọ́n á wé e. Bí a bá ṣan ọwọ́ tán, wọ́n á tú u. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ọmọ náà sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Nígbà tó yá, ó dẹ́kun ẹkún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ tí a wé náà gbá ẹní, gbì, gbì, gbì, ní gbogbo ìgbà tí a bá ń jẹun. Ohùn yẹn ń dẹ́rù bà mí ju ẹkún lọ. Tí a bá fún un ní oúnjẹ, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò mọ bí yóò ṣe dé ẹnu. Yóò gbé e lọ sí etí, yóò gbé e lọ sí imú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Bí mo bá wẹ̀ fún un, mo máa ń fọwọ́ kan egungun ìhà rẹ̀, ọkàn mi á sì lọ sọ́dọ̀ èyí tó ń rákò nínú àgbàlá nígbà kan.

Ọjọ́ kan tí bàbá mi ti ìsọ̀ aṣọ rẹ̀ ní ọjà Terminus, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdó ọkọ̀ ojú irin, dé, Ìyá àgbà pè é jókòó.

"Lẹ́yìn Iléyá, màá mú ọmọ yìí lọ sí Ìlọrin. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́ irú ọwọ́ báyìí."

"Kí ni wọ́n fi ń tọ́ ọ, Màmá?" ni bàbá mi bi í.

"Ohun tí wọ́n fi ń tọ́ ọ náà ni." Ó sì fa ìró rẹ̀ bo ọwọ́ òsì ara rẹ̀.

Bàbá mi ni àkọ́bí ọkùnrin Ìyá àgbà, kò sì fi ẹnu rẹ̀ kọ nǹkan fún un rí. Ó wo ilẹ̀. Ó ní, "Tóò." Ní Jos, tóò lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ó lè jẹ́ rárá, ó sì lè jẹ́ pé ó ti rẹ ènìyàn. Èmi àti ìyá mi mọ èyí tó jẹ́.

Nílé ìdáná ni ìyá mi ti bá mi sọ̀rọ̀ náà fún ìgbà kan ṣoṣo. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ ọ̀tún ṣe ohun gbogbo, kódà níbi tí kò sí ẹnikẹ́ni, ọ̀bẹ sì ti ya á níka. Ẹ̀jẹ̀ ń yọ lábẹ́ aṣọ tó fi dì í.

"Má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n mọ̀," ó ní. "Bí wọ́n bá mọ̀ pé lára mi ló ti wá, wọ́n á ní èmi ni mo pa àwọn yòókù. Wọ́n á mú eléyìí lọ, wọn ò sì ní jẹ́ kí n dé ibi tó wà mọ́."

Mo fẹ́ bi í pé ṣé òun ló pa wọ́n lóòótọ́. N kò lè bi í. Mo ní, "Ẹ máa ṣe Bìsìmílà, Màmá." Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, n kò tíì jẹun láìṣe é rí láyé mi."

Iléyá ń sún mọ́. Bàbá mi ra àgbò, ó so ó mọ́ ìdí ẹ̀rọ omi, àwọn ọmọ ilé ń fún un ní èèpo iṣu. Ní gbogbo ọdún ni mo máa ń kà á bí ọjọ́ Iléyá ṣe ń bọ̀, tí inú mi á máa dùn. Ọdún yẹn, bí mo bá ti gbọ́ tí àgbò náà ké, inú mi á bàjẹ́. Fèrè ọkọ̀ ojú irin láti ọ̀nà Terminus náà bẹ̀rẹ̀ sí í kó jìnnìjìnnì bá mi. Mo máa ń rí i lọ́kàn mi, àbúrò mi lẹ́yìn Ìyá àgbà, ó ń fi ọwọ́ tí a wé gbá ara wíńdò.

Ọkọ̀ náà kò gbé e. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí a ti kírun Àsùbáà, a gbọ́ tí búútà àlùwàlá já lulẹ̀ nínú àgbàlá. Nígbà tí a débẹ̀, Ìyá àgbà wà lórí ilẹ̀ tútù, omi ń ṣàn kọjá lábẹ́ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ti yí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Nígbà tí wọ́n gbé e padà, apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ti kú mọ́ ọn lára. Ọ̀rọ̀ ń jáde lẹ́nu rẹ̀ ní ẹyọ ẹyọ, ó wúwo, ṣùgbọ́n ó ń yé wa.

Àfi oúnjẹ. A gbé ẹ̀kọ síwájú rẹ̀, bàbá mi rọra mú ọwọ́ òsì rẹ̀, ó fà á lọ sétí abọ́. Ó fà á padà wìì, bí ẹni tí iná jó. A fi ṣíbí sí i lọ́wọ́, ó jù ú nù, ó kọjú sí ògiri. Ọjọ́ ṣú, ilẹ̀ mọ́, kò jẹ nǹkan kan. Bàbá mi ránṣẹ́ sí áàfáà kan, ọmọ Ìlọrin tó ń gbé ní Àpáta ní Jos níbẹ̀, ọkùnrin onírẹ̀lẹ̀ tí ó máa ń wá kí i. Áàfáà jókòó tì í lórí ẹní.

"Màmá, ẹni tí kò bá ní ọ̀nà mìíràn, Ọlọ́hun kò ní bi í. Òun ló gba ọ̀tún yẹn. Ẹ fi èyí tó kù jẹun."

Ìyá àgbà mi orí. Omi ń ṣàn lójú tó wà ní apá tó kú.

"Ẹ̀rù ń bà mí," ó ní.

N kò mọ̀ pé ẹ̀rù máa ń ba Ìyá àgbà. Mo ti rò pé lọ́dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo ẹ̀rù ilé wa ti ń wá, bí omi ṣe ń ti ẹ̀rọ wá.

Ohun tó gbà nìkan ni kí ẹlòmíràn máa fi ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ fi oúnjẹ sí òun lẹ́nu. Bàbá mi wà ní ìsọ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ta ló kù? Ìyá mi ló kù. Nígbà mẹ́ta lójúmọ́ ni yóò jókòó síwájú ẹni tó ń bẹ̀rù jù láyé, tí yóò sì máa fi ọwọ́ ọ̀tún tí kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu gbé òkèlè lọ sẹ́nu rẹ̀, ojú obìnrin náà yóò sì máa wo ọwọ́ náà láti ibi abọ́ títí dé ẹnu. Èmi ni mo ń di omi mú. Àbúrò mi wà lórí ẹní, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú aṣọ. Ìyá mi ló ń wé e fúnra rẹ̀ báyìí, nítorí Ìyá àgbà á máa fi ojú wá aṣọ náà. Iléyá ti kọjá, àgbò ti di ẹran gbígbẹ. Bàbá mi sì ti ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní Ìlọrin pé kí ó wá mú Ìyá àgbà lọ sílé. Ọmọ náà yóò bá wọn lọ, bí ọ̀rọ̀ ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Ohun kan wá wà tí ń rú mi lójú. Ọwọ́ òsì Ìyá àgbà, tí kò ní iṣẹ́ kan láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, kò ṣe bí ọ̀lẹ rárá. Ó ń fi í wé gèlè. Ó ń fi í ka tẹ̀sùbáà, kóró kóró, láìtàsé. Mo rí i tí ó fi í yọ okùn kúrò nínú abẹ́rẹ́. Mo dá a wò, mo gbìyànjú láti fi òsì tèmi wé gèlè ìyá mi, gèlè náà bò mí lójú.

Ọ̀sán ọjọ́ kan báyìí, túwó ni ìyá mi gbé wá pẹ̀lú ọbẹ̀ kúkà. Ooru ṣì ń jáde lára rẹ̀. Ó ti rẹ̀ ẹ́, kò sùn dáadáa, wọ́n ti ní ẹ̀gbọ́n bàbá mi yóò dé láàárín ọ̀sẹ̀ náà. Ó bu òkèlè, ó fi í kan ọbẹ̀, ó gbé e. Òkèlè náà yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀ lágbede méjì.

Kò dé àyà Ìyá àgbà. Ọwọ́ òsì Ìyá àgbà ti yọ lábẹ́ ìró, ó ti hán an. N kò tilẹ̀ rí ìgbà tó jáde. Òkèlè náà jókòó sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ní odindi, àpá iná tó wà lẹ́yìn ọwọ́ náà sì ń dán nínú oòrùn ojú fèrèsé.

Ìyá àgbà ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n ká a mọ́ ibi olè. Ìyá mi ń wo ọwọ́ náà. Ọwọ́ tí kò ṣiṣẹ́ rí kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọdé ni mí, ṣùgbọ́n n kì í ṣe afọ́jú, mo rí ohun tí ìyá mi rí.

"Ẹ̀kọ kọ́," ni Ìyá àgbà wí. Ọ̀rọ̀ ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. "Iná ni wọ́n fi tọ́ ọ. Ẹ̀yinná. Ìyá mi ló dì mí mú. Ó ń sunkún, ó sì dì mí mú."

Ìyá mi fi ọwọ́ bo ẹnu. Ọwọ́ òsì ni.

"Mo ní kí n mú u lọ," Ìyá àgbà ń wí, ojú rẹ̀ wà lára àbúrò mi. "Bí ó bá jẹ́ èmi ni mo dì í mú, wọn ò ní jó o púpọ̀."

Láyé mi, n kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ tó dẹ́rù bà mí tó èyí, nítorí ìfẹ́ ló fi sọ ọ́. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó ní, "Ìyá, èmi náà... Ìyá, lára mi ni ó ti..."

"Mo mọ̀." Ìyá àgbà yíjú sí mi. "Gàmbàrí la jọ ń pín ògiri n'Ílọrin. Mo gbọ́ Hausa kí n tó bí bàbá rẹ. Ògbufọ̀."

Mo sin orí mọ́ inú àwo omi tí mo dì mú. Gbogbo oṣù wọ̀nyẹn ni ó ti mọ̀. Ó mọ̀, kò sì sọ fún bàbá mi, kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Àbúrò mi ti fi ìdí wọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn nítorí òórùn ọbẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ẹní, gbì, gbì. Ìyá àgbà wo ọwọ́ tí a wé náà. Ó wo òkèlè tó wà lọ́wọ́ tirẹ̀.

"Tú u," ó sọ fún ìyá mi.

Ìyá mi tú kókó náà. Ọwọ́ òsì ló fi tú u, kò sì pẹ́ rárá. Ọmọ náà na ìka rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì bí ẹni tó ń nà lẹ́yìn oorun, Ìyá àgbà sì gbé òkèlè náà sí i lọ́wọ́. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe Bìsìmílà lẹ́ẹ̀kan náà láìjẹ́ pé a sọ fún ara wa. A ké e sókè. Ti Ìyá àgbà wọ́, ó wúwo, ṣùgbọ́n òun ló dún jù. Ọmọ náà jẹ òkèlè rẹ̀, ó na ọwọ́ kan náà fún òmíràn. A ṣọ́ ọ títí di ìrọ̀lẹ́. Bí ó bá sín, ìyá mi á fò dìde. Bí ó bá sùn, èmi á gbé etí sí imú rẹ̀. Ilẹ̀ mọ́, ó jí, ebi sì ń pa á.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi dé láti Ìlọrin, Ìyá àgbà sọ fún un pé òun kò lọ, ọmọ náà kò sì lọ. Obìnrin náà fẹ́ jiyàn. Ìyá àgbà fi ọwọ́ òsì júwe ẹnu ọ̀nà fún un. Bàbá mi ṣe bí ẹni tí ó ń wá bàtà.

Àbúrò mi ti di bàbá ọlọ́mọ báyìí, ọwọ́ òsì ló ṣì fi ń jẹun, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò sì fẹ́ bá a jẹ nínú abọ́ kan náà. Ṣùgbọ́n Ìyá àgbà kò fi ọwọ́ tirẹ̀ jẹun títí Ọlọ́hun fi pè é. Ó ní ti òun ti kọjá àtúnṣe, ẹ̀rù náà ti wọ òun léegun. Ìyá mi ló ń fún un lóúnjẹ fún gbogbo ọdún tó kù, ọwọ́ òsì ló sì ń fi fún un, òkèlè róbótó róbótó, kò sí èyí tó já bọ́ mọ́. Ìyá àgbà á ṣe Bìsìmílà, á sì tún un ṣe. Lẹ́yìn náà, kí ó tó la ẹnu, yóò kọ́kọ́ yíjú wo àyè tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí ẹní.